Ojú Bàbá Mi Lára Òkúta Dúdú

Òórùn pákó tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń fi iná lésà tẹ àwòrán sára òkúta àti pákó ní Gadumo, kó o tó rí ẹ̀rọ rẹ̀, kó o tó rí òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá wá gbọ́ òórùn òkúta tí wọ́n da omi sí, bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Ooru Lọ́kọ́ja ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀ wá láti Lokongoma, mo sì di fótò bàbá mi mú bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Bàbá wa ti kú nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá wa ní òun ń fẹ́, pé kí ojú ọkọ òun wà lára òkúta ibojì rẹ̀ nílé, ní Ìjùmú. Ṣùgbọ́n bàbá kì í fẹ́ ya fótò. Èyí kan tó dára tí a rí, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti yà á. Ó ń rẹ́rìn-ín, òjìji fìlà rẹ̀ sì bo ojú òsì mọ́lẹ̀. Àpá kan tó ní lágbọ̀n láti ìgbà ọ̀dọ́ hàn gbangba. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá ti fi fóònù tún fótò náà ṣe. Ó pa àpá rẹ́, ó na gbogbo ibi tí ara ti hunjọ, bàbá wá dà bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń polówó ọṣẹ. Ó ní, "Òkúta yìí yóò pẹ́ jù wá lọ. Jẹ́ kí bàbá dára níbẹ̀." Èmi ò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ di ìjà láàárín wa.

Obìnrin náà, ọmọ Ebira tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, gbé fótò méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà, ó sì wò wọ́n pẹ́.

Ó ní, "Àǹtí, lára òkúta dúdú, ibi tí iná lésà bá jó ló máa ń funfun. Ibi tí kò bá jó, dúdú ló máa wà. Tí mo bá tẹ èyí bó ṣe wà yìí, ojú kan ni Bàbá máa ní."

Mo bi í bóyá kò lè ya ojú kejì sí i.

"Mo lè yà á. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ojú ẹlòmíràn fún Bàbá yín. Ẹ bá mi wá fótò mìíràn, bó ti wù kó kéré tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà wá pẹ̀lú fótò ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ wa, níbi tí ojú bàbá kò tóbi ju èékánná lọ, mo sì jókòó tì í. Ó yọ igi máńgòrò kúrò lẹ́yìn bàbá. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ fìlà díẹ̀díẹ̀, ó ń wo fótò kékeré, ó ń wo ńlá, títí ojú òsì fi yọ, tó kéré díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, bó ṣe máa ń rí tí bàbá bá ń rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ rẹ̀ ò kíyè sí i rí. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sọ gbogbo àwòrán náà di àmì tótòtó bí ara ẹyẹ awó, àwọn àmì náà pọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n fọ́nká níbi tí òjìji wà. Ó ní tó bá jẹ́ pákó ni, òdìkejì lòun ì bá ṣe, torí pé ibi tí iná bá jó lára pákó ló ń dúdú.

Nígbà tí mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi fún un, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó mú àfọ́kù òkúta méjì, ó tẹ ojú bàbá tí òun tún ṣe sára ọ̀kan, ó tẹ ti ẹ̀gbọ́n mi sára èkejì. "Ẹ gbé e lọ fún Mama. Àwọn ló mọ ọkọ wọn."

Lópin ọ̀sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá láti Àbújá, a sì gbé òkúta méjèèjì síwájú ìyá wa ní pálọ̀ mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni Mama kọ́kọ́ mú. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ta lèyí?"

Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n mú èkejì. Àtàǹpàkò wọn lọ sí àgbọ̀n bàbá, síbi àpá náà.

"Èmi ni mo di egbò yìí fún un," ni wọ́n wí. "Ọkọ́ ló ṣá a lóko bàbá mi, níbi tó ti wá bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

A ti dàgbà, a ti bímọ, a ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́lẹ̀. "Ẹ má bínú, Mama. Èyí tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yìí la máa lò."

Òun náà la sì lò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ bí a ti ń mú kí ojú dára, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn nìkan ni mo rí tó wá ojú bàbá mi kiri bí ẹni ń wá ẹni tó sọnù. Ká ní èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti nu àpá rẹ̀ kúrò nìkan ló tẹ̀, ìtàn bí ilé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ ì bá bá ìyá wa wọlẹ̀ láìjẹ́ pé a gbọ́. Ní báyìí, tí ọmọ mi bá yà mí ní fótò, tó sì fẹ́ nu ìlà abẹ́ ojú mi kúrò, màá ní kó fi í sílẹ̀. N kò mọ èyí nínú àwọn ìlà náà tí ẹnìkan yóò fi rántí ọjọ́ tí èmi àti òun kọ́kọ́ pàdé.