Nẹ́ẹ̀tì Tó Ń Dán

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Bùsàrí káfíńtà ní Mọ́kọ́lá, ẹnìkan ò ní ṣàì bi yín pé, “Ṣé èyí tó dí afẹ́fẹ́ mọ́ ìyá rẹ̀?” Wọ́n á ní ó rí nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé àwọn ọ̀gá ìjọba, òun náà fẹ́ ṣe bí ọ̀gá, ló bá sọ yàrá ìyá rẹ̀ di àgò adìẹ, díẹ̀ ló kù kí ìyá náà gbẹ́mìí mì. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ bó ṣe rí, nítorí ẹnu ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní ọdún tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé tuntun sí Bódìjà, Bùsàrí wà lára àwọn káfíńtà tó ń gbé fèrèsé sí wọn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á fa wáyà náà títí yóò fi le dáadáa, á fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́ férémù, ẹ̀fọn á dúró síta, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ìyá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn.

Àbẹ̀ḿbí ni orúkọ ìyá náà, Bùsàrí nìkan ló sì yè nínú ọmọ tí wọ́n bí. Èémí wọn kì í já gaara. Bí wọ́n bá ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, àyà á há wọn. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀fọn á jẹ wọ́n, ibà á dé. Moniya ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, lọ́dọ̀ Kùdírátù, àbúrò wọn. Bùsàrí ló lọ kó wọn wá sí Mọ́kọ́lá kí wọ́n lè sún mọ́ ilé ìwòsàn, ó sì kọ́ yàrá kan fún wọn lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bùsàrí kan nẹ́ẹ̀tì sí i, àwọn aládùúgbò sì ń wá wò ó. Ìyá á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, atẹ́gùn á máa mi etí gèlè wọn, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta, ẹ kú ewu ẹ̀fọn o.”

Iléyá dé, Iléyá lọ. Kò pẹ́ sí i ni yàrá náà yí padà. Ooru á mú inú rẹ̀ bí ẹni ń dáná síbẹ̀. Ìyá ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé àpótí sí, tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Èémí wọn wá ń dún bí ẹwìrì.

Ìyá Rẹ̀mí, tó ń ta kẹrosíìnì ní òdìkejì ọ̀nà, kò jẹ́ kó sinmi.

“Bùsàrí, fèrèsé mélòó ló wà nílé ọ̀gá rẹ?”

“Ó pọ̀, Ìyá Rẹ̀mí.”

“Ìyá rẹ ní ẹyọ kan, o wá fi asẹ́ dé e. Ṣé o fẹ́ máa jọ̀ wọ́n bí ògì ni?”

Bùsàrí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó rò pé bóyá afẹ́fẹ́ ò rí ibi jáde ni, ó bá gbẹ́ ihò sókè ilẹ̀kùn. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wà. Ni Kùdírátù bá ránṣẹ́ láti Moniya pé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun ń bọ̀ wá kó ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ọmọ tí kò mọ ìtọ́jú ìyá, kó fi ìyá sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Bùsàrí já òwú díẹ̀ nínú ìrọ̀rí ìyá rẹ̀. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, òwú ń jó. Ó gbé e sí ojú nẹ́ẹ̀tì, òwú dúró ṣinṣin. Ó wá fi ìka ra wáyà náà. Ó ń yọ̀ bí ara ìgò.

“Ìyá, ta ló fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì yìí?”

“Èmi ni. Ṣé ó ti dọ̀tí ni?”

“Kò dọ̀tí, Ìyá. Ó ń dán.”

“Kò ní ṣàì dán. Ṣó o mọ̀ pé àdín ni mo máa ń fi pa ilẹ̀kùn àti fèrèsé bí Iléyá bá ku ọ̀la. Àdín tán, mo bá mú èyí tó wà nínú agolo lábẹ́ tábìlì rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á, Àkànmú. Ilé tí ọmọ mi kọ́ fún mi, ṣé kó wá ṣá lójú àlejò ni?”

Fáníṣì ni, èyí tí káfíńtà fi ń mú àga dán. Ó ti gbẹ sínú gbogbo ihò nẹ́ẹ̀tì, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá, afẹ́fẹ́ ò kọjá. Bùsàrí mú irin tí wọ́n fi ń yọ ìṣó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ibi tó ti ń kan tuntun ni Kùdírátù ti wọlé. “Kí ló ṣe ti àkọ́kọ́?”

Bùsàrí wo ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń fi etí aṣọ nu férémù náà lọ́wọ́ kan.

“Ẹ̀bi mi ni, Ìyá Kékeré. Èyí tí mo kàn síbẹ̀ ò dáa.”

Kùdírátù bú u dáadáa. Ìyá Rẹ̀mí dúró ti kẹrosíìnì rẹ̀ lódìkejì, ó ń pàtẹ́wọ́: “Mo wí, mo wí.” Bùsàrí ń kan ìṣó rẹ̀ lọ. Nígbà tó kan ìṣó tó kẹ́yìn tán, ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, etí gèlè wọn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kùdírátù wò ó títí, ó jẹun, ó sì wọ mọ́tò ní gáréèjì Ṣàngó padà sí Moniya lóun nìkan.

Láti ọdún náà, bí Iléyá bá ń bọ̀, Bùsàrí á gbé fáníṣì sórí àjà, á sì gbé ìgò àdín kan tó kún sí ibi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ á tó. Ẹnu ayé ò yé sọ tirẹ̀, Bùsàrí náà ò sì sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹnì kankan, títí ìyá fi darúgbó, tí wọ́n sì papò dà.

Nígbà tí mo lọ bá Bùsàrí pé kó wá kan nẹ́ẹ̀tì fún mi, ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó fi wáyà kan tó ń dán bò ó nítorí eṣinṣin. Mo bi í léèrè wáyà náà, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìyá ti lọ. Kí ló dé tẹ́ ò sọ òótọ́ fáráyé?” Ó gbé wáyà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Wò ó dáadáa,” ló wí. “Ìyá mi mọ bí wọ́n ṣe ń pa fáníṣì. Wọn ò fo ihò kan.”