Ẹ̀rọ Tó Mú Ìhanrun Mi Lọ

Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé oorun fẹ́ pa mí. Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ni mo ti ń bọ̀ wá sí Ayétòrò lọ́sàn-án gangan, mo sì sùn lọ fọnfọn, mo gbé orí lé ọlọ́kadà lẹ́yìn. Ọkùnrin náà pè mí títí, n kò dáhùn. Ó rò pé mo ti kú mọ́ òun lẹ́yìn. Ó rọra dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, bí ẹ bá máa kú, ẹ jẹ́ ká délé ná." Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ròyìn fún un.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sùn níbi tí kò yẹ. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti sùn lójú àwọn ọmọ ilé ìwé rí, tí ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Ní ti ìhanrun mi lóru, ayálégbé wa, tí yàrá rẹ̀ fara ti tiwa, máa ń sọ pé ẹni tó bá ní ata láti lọ̀, kó kàn dà á sí mi lọ́fun.

Ìhanrun yìí ló lé ìyàwó mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa lọ sí yunifásítì, yàrá ọmọ ṣófo, ìyàwó mi sì gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ní kí òun sáà rí oorun díẹ̀ sùn. Àwọn ọmọ fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Oorun díẹ̀ náà di ọdún lórí ọdún.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò l'Abẹ́òkúta de wáyà mọ́ mi lórí àti láyà, ó ní kí n sùn. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé pé bí mo bá ti sùn, ọ̀nà ọ̀fun mi máa ń padé, èémí mi á dúró, n óò ta jí láti mí, láìmọ̀ pé mo jí rárá. Ó ní ọkàn mi kò lè fara dà á títí lọ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ènìyàn nímú mọ́jú, kí ọ̀fun má baà padé. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà á dá ìhanrun dúró. Ó ní á dá a dúró pátápátá. Láti ibẹ̀ lọ, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ nípa ọkàn mi mọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìyàwó mi ń padà bọ̀ wá sùn tì mí.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló bá mi wá ẹ̀rọ náà. Èlùbọ́ ló ń tà, ó sì mọ àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Kútọnu. Tòkúnbọ̀ ni, èdè Faransé ló wà lójú rẹ̀. Faransé ọjà tí ìyàwó mi gbọ́ kò kan ti ẹ̀rọ, nítorí náà àwa méjèèjì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, a ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tó fi fẹ́ atẹ́gùn sí wa lójú, a sì bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn.

Ìbòmú ni ènìyàn máa wọ̀, rọ́bà gígùn kan so ó mọ́ ẹ̀rọ, okùn rẹ̀ sì gba ẹ̀yìn orí. Èjìká mi ọ̀tún kì í lọ sẹ́yìn dáadáa mọ́, nítorí náà ìyàwó mi ló ń bá mi so okùn náà lálaalẹ́. Bó bá ti so ó tán, á ní, "Ó dàárọ̀, Dádì," á sì kọjá sí yàrá kejì.

Kò pẹ́ tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Mo ń jí, orí mi fúyẹ́. Mo bi ayálégbé wa bóyá ó ṣì ń gbọ́ mi. "Há, Bàbá, a rò pé ẹ rìnrìn àjò ni." Mo mú kó tún un sọ níwájú ìyàwó mi. Ìyàwó mi yin Ọlọ́run, ó tún lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó di alẹ́, ó so okùn fún mi, ó sì lọ.

Mo ní bóyá kò tíì dá a lójú ni. Mo ra fóòmù tuntun, èyí tó nípọn, mo ní ti àtijọ́ ń dun ẹ̀yìn mi. Mo kó ìwé mi kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ìyàwó mi máa ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Mo ra ìrọ̀rí méjì. Ó bá mi tẹ́ aṣọ lé e, ó fọwọ́ tẹ fóòmù wò, ó ní á dára fún ẹ̀yìn mi. Ojú tì mí. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ, ẹnu wo ni yóò fi sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wá sùn tì mí, ẹ̀rù ń bà mí? Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Èmi tí èémí mi máa ń dúró, èmi nìkan ni mo ń sùn. Bí nǹkan bá ṣe mí, ilẹ̀ á mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń sunkún nínú ìbòmú náà. Ẹkún náà kò tiẹ̀ ṣeé sun dáadáa, nítorí ikun á dí imú, ẹ̀rọ á sì máa pariwo.

Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì ń sá gbodo tó fẹ́ lọ̀ ní èlùbọ́ sí àgbàlá, mo bá sọ ọ́.

"Màmá, mi ò hanrun mọ́."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Dádì."

"Kí lo wá ń sùn ní yàrá ọmọ sí?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí gbodo. Kò wo ojú mi.

"Ẹ má bínú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbogbo wa la jọ ń há mọ́ra lórí ẹní kan lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo kúrò lórí ẹní yẹn, mo bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Àwọn ọmọ dé, wọ́n wà láyà mi, wọ́n wà lẹ́yìn mi. Mi ò dá sùn rí láyé mi, Dádì. Ìhanrun yín ló fún mi ní yàrá yẹn, tẹ́nikẹ́ni ò fi bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, mo máa ń na apá, mo máa ń na ẹsẹ̀ bó ṣe wù mí. Inú mi máa ń dùn."

"Èmi ńkọ́?"

"Mi ò kórìíra yín. Ẹ̀yin lọkọ mi. Bí ẹ bá pè mí, màá wá, mi ò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan bá a jà sí. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: láti ìgbà tó ti wọlé mi, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìhanrun ni mo rò pé ó wà láàárín wa, mo sì ti lé e lọ. Kò sí nǹkan kan láàárín wa. Ó kàn ń gbádùn ibi tí n kò sí ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó wá so okùn fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó so ó tán, kò lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ pọ̀ níwájú bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí kí tíṣà sọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tó ń dúró gbọ́. Ìrọ̀rí kejì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbórí lé e rí.

Mo ní, "Ó dàárọ̀ o, Màmá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. N kò lè rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.