Ẹ̀rọ Síídì Bàbá Kàdúná àti Ohùn Ràfátù

Lánàá ni mo ṣí ẹ̀rọ síídì àtijọ́ kan lórí tábìlì ìjẹun mi ní Ìlọrin, òórùn rọ́bà gbígbó sì kọ lù mí nímú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ òórùn yìí. Òórùn bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta ni, nígbà tí bẹ́líìtì náà bá ti ń yọ̀ tí ó sì ti gbóná janjan. Kí n tó mọ̀, ọkàn mi ti lọ sí Osi, ìlú wa, sí iwájú ilé ẹ̀rọ, níbi tí èmi àti Ràfátù ọ̀rẹ́ mi ti máa ń jókòó sórí àpò ẹ̀gẹ́ wa, tí a ó máa retí kí ó kàn wá.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà kò ní sùúrù rárá. Bí ẹ̀gẹ́ bá tutù jù, bẹ́líìtì á máa yọ̀, bàbá náà á sì máa bú u bí ìgbà tí ènìyàn ń bú ìyàwó tó kọ oúnjẹ ọ̀sán. Ràfátù a máa fi ẹnu ṣe ohùn ẹ̀rọ náà. Ó mọ bó ṣe ń wúkọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń han nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá kún ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ dákẹ́, Ràfátù fi ẹnu tan án láti ẹ̀yìn ilé, ìyá arúgbó kan sì gbé abọ́ rẹ̀ rù, ó di iwájú ẹ̀rọ tó dákẹ́, ó ń pariwo pé òun ló kàn. A sá lọ, a rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì ni àwa ń lọ. Ẹran Iléyá a gba orí ògiri náà wá sọ́dọ̀ wa, ìrẹsì Kérésì a gba ibẹ̀ padà. Ọdún tí bàbá Ràfátù kú ni ó kúrò ní sùkúù, ní kíláàsì kẹrin, nítorí ìyá rẹ̀ nìkan kò lè dá oko iṣu àti àgbàdo ṣe. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, yóò bi mí ní ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó ń ka ìsọdipúpọ̀ lórí láìwo ìwé, èmi tí mo lọ sí sùkúù ń ka ìka mi lábẹ́ aṣọ. Ìwé kíkọ ni kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọkọ́ jù. Nígbà tí a pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àǹtí rẹ̀ kan mú un lọ sí Ìlọrin pé kí ó máa bá òun ṣe ṣọ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà da orin sínú síídì.

Mo ní láti ṣàlàyé àṣà kan tó ti parẹ́ fún yín. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ará ilé wa tí kò mọ ìwé kọ kì í bẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá wọn kọ lẹ́tà. Wọn a jókòó ti rẹ́díò, wọn a tẹ ẹ́ kí ó gba ohùn wọn, wọn a sì sọ tẹnu wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Wọn a fi rán awakọ̀ sí ọmọ wọn ní Kàdúná tàbí Èkó. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ adìẹ, ẹ ó gbọ́ odó, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń kọjá lọ tó ní kí wọ́n bá òun kí lágbájá. Ìyá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, a máa dúró kí ẹni tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì dáhùn bí ó bá kí i tán.

Ẹ̀rọ síídì ti wá délé wa ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kàdúná, ló gbé e wá sílé lọ́dún Kérésì kan. Kò fi ta wá lọ́rẹ. Ó ní kí bàbá mi bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi parí ilé òun ní Osi. Aṣọ funfun kan ni bàbá mi fi bò ó, òun nìkan ló sì ń nu eruku ara rẹ̀. Ó gbà kí a máa gbọ́ orin níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Bí a bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, àwo kékeré tí a ń tẹ́ síídì sí a yọ jáde jẹ́jẹ́, àwa ọmọdé sì sọ ọ́ ní ahọ́n. Mi ò tíì rí ohun tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Jímọ̀ tó ń wakọ̀ láàárín Ìlọrin àti Osi mú síídì kan wá fún mi. Ràfátù ló rán an. Ó ti sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà àǹtí rẹ̀ nígbà tí kò sí oníbàárà, ó sì ti dà á sí síídì gẹ́gẹ́ bí orin. Mo tẹ́ ẹ sórí ahọ́n, ó wọlé, ohùn ọ̀rẹ́ mi sì jáde. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní omi Ìlọrin kò dùn tó ti Osi. Ó ní òun ti ga jù mí lọ báyìí, kí n má jiyàn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ọ."

Ibẹ̀ ni igbe ta nínú yàrá ìyá àgbà. Ìyá ti kú sójú oorun ọ̀sán. Mo tẹ bọ́tìnì kí n lè yọ síídì mi, ahọ́n sì ti jáde dé ìdajì nígbà tí bàbá mi sáré wọlé tí ó fa wáyà yọ, nítorí rẹ́díò kò gbọdọ̀ fọhùn nínú ilé òkú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ahọ́n náà wọlé bí ẹni ti dúrọ́ọ̀ tábìlì. Mo gbọ́ tó ta kọ́ nínú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ti síídì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

A dúró de àwọn ará Kàdúná, a dúró de àwọn ará Èkó. Ó tó oṣù méjì kí a tó sin ìyá, kí a sì tó ṣe ọjọ́ kẹjọ. Ooru mú gidigidi lábẹ́ páànù ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí bàbá mi gbà kí a tan ẹ̀rọ náà, iná rẹ̀ tàn, ẹ̀ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n ahọ́n kò jáde. A pe ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rẹ́díò ṣe ní Iloffa. Ó gun ọ̀kadà wá, ó fi etí tì í, ó ní bẹ́líìtì rẹ̀ ló ti rọ̀, pé kí a jẹ́ kí òun tú u, kò ní pẹ́ rárá. Bàbá mi kọ̀. Ó ní, "Nǹkan ẹ̀gbọ́n mi nì yí. Èmi ò jẹ́ fi irin kan án kí ẹni ó ni ín tó dé."

Nínú ẹbí wa, àbúrò kì í tú nǹkan ẹ̀gbọ́n. Mi ò janpata. Mo rò pé ọ̀rọ̀ eré ni Ràfátù fẹ́ bi mí. Ojú sì ń tì mí láti sọ pé ohun tó rán sí mi ti há sínú ẹ̀rọ. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Jímọ̀ béèrè iṣẹ́ tí òun yóò jẹ́ fún un, mo ní kí ó sọ fún un pé mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn.

Iléyá dé, Ràfátù kò wálé. Ìyá rẹ̀ ní ó ti bá obìnrin kan lọ sí òkè òkun, pé iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀. A gbúròó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n dé Líbíà. Lẹ́yìn náà, kò sí ìròyìn kankan mọ́. Ìyá rẹ̀ dúró títí ó fi kú. Bàbá Kàdúná náà kò parí ilé rẹ̀. Bó bá wá sílé òkú, á ní òun yóò mú oníṣẹ́ kan wá láti Kàdúná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe dórí kọ́bọ́ọ̀dù tó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní oṣù tó kọjá, a sin Bàbá Kàdúná fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kò ní olúwa mọ́, kí n máa gbé e lọ.

Ìdí tí mo fi tú u lánàá nìyẹn. Mo lè yọ síídì náà kí n wá ibòmíràn tẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ mi kò ní ẹnu tí a ń fi síídì bọ̀, àwọn ará àdúgbò sì ti da tiwọn nù. Bẹ́líìtì àtijọ́ náà ti yọ́ bí ọ̀dà, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ dúdú. Mo fi òwú àti sípírítì nù ún títí ara kẹ̀kẹ́ kékeré rẹ̀ fi mọ́. Bẹ́líìtì mẹ́ta ni mo rà. Àkọ́kọ́ fún jù, ó ń fa ahọ́n wọlé pẹ̀lú ariwo. Èkejì ń yọ̀. Ẹ̀kẹta jókòó, mo tẹ bọ́tìnì, ahọ́n sì jáde jẹ́jẹ́ bíi ti àtijọ́. Mo jókòó wò ó fún ìgbà díẹ̀ nítorí ẹ̀rù bà mí.

Síídì náà ń ta, ó ń fò níbi kan, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Ó dé ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà, Ràfátù sì ní, "Bá mi bi bàbá, ṣé wọ́n lè jẹ́ kí n máa gbé ulé yín, kí n padà sí sùkúù. Mi ò ní jẹun púpọ̀. Màá sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, màá máa pọnmi fún wọn. Àǹtí ní obìnrin kan á mú wa lọ òkè òkun kó tó di Iléyá, ẹ̀rù ń bà mí. Bí bàbá bá gbà, rán Bàbá Jímọ̀ sí mi, màá bá ọkọ̀ rẹ̀ wá. Bí o bá ti gbọ́ èyí tí o ò sọ nǹkan kan, mo ti mọ̀ pé wọn ò gbà. Mi ò ní bínú sí ọ." Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀.

Mo sunkún lánàá bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Lónìí, àwọn ọmọ mi ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù láti àárọ̀ dé alẹ́. Iṣẹ́ náà á dé lójú ẹsẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń rí àmì pé ẹni tí wọ́n rán an sí ti gbọ́. Inú wọn kì í dùn bí ẹni náà bá gbọ́ tí kò fèsì. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ pé wọn kò ní sùúrù.

Ní àárọ̀ òní, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Osi. Mo ti fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, mo sì gbé e sétí bàbá mi níbi tó jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Ṣé ẹ̀ bá ti gbà, bàbá?"

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi kọ̀? Yàrá ìyá mi ṣófo nínú ulé yí. Ọdún mélòó ni a ò fi rí ẹni sùn síbẹ̀."

Ìgbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí mi bí ẹni tó ti pinnu ọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Ránṣẹ́ sí i pé mo gbà."

Mo bi í pé ibo ni kí n ránṣẹ́ sí. Ó nawọ́ gba fóònù náà, ó tún gbé e sétí.