Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kíláàsì Mi, Èmi Ni Wọ́n Mú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ìwé, torí ó ti sú mi láti máa dá gbé e kiri. Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rín. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ.

Ẹ mọ̀ pé Ìlọrà ni mò ń gbé, Fìdítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Kí n gun ọ̀kadà, kí n dúró de mọ́tò, kí n tó dé kíláàsì, ara á ti máa ro mí. Kíláàsì ọ̀hún sì rèé, ó kún dé ẹnu ọ̀nà!

Bùsáyọ̀ wà lára àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún méjìlá ni. Ọmọ yìí kì í kàwé. Bí mo bá ní kó dìde kó kà fún wa, ilẹ̀ ni á máa wò títí màá fi ní kó jókòó. Kí n má purọ́, mo ti pa á tì.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí táàmù tó kọjá ń parí lọ, mo ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe yíjú padà, mo rí Bùsáyọ̀ tó tẹrí sábẹ́ tábìlì rẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ́ ohùn mi mọ́. Ìwé ìtàn ló ń kà! Irú èyí tí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí wọ́n ń wá olè kiri. Ṣé kò yẹ kí inú mi dùn? Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo já a gbà, mo jù ú sórí tábìlì mi, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tí a wọlé táàmù yìí, ó wá kúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun ní ìwé náà. Mo ní mo ti dá a padà fún un. Ó ní n kò tíì fún òun. Háà! Ṣé èmi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí? Mo pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Ó sì dá mi lójú lóòótọ́ pé mo ti fún un.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé ọ̀hún kì í ṣe tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ti yá a. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló ń tọ́jú ìwé ibẹ̀, òfin rẹ̀ sì le: ẹni tí kò bá dá èyí tó mú padà, kò ní í rí òmíràn yá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ràn ìwé, èmi ni mo dí i lọ́nà, mo tún sọ ọ́ di òpùrọ́.

Ká ní èmi ni, màá sunkún, màá gbàgbé. Bùsáyọ̀ kò gbàgbé. Òun àti Dèbórà ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, wọ́n ń bi gbogbo kíláàsì léèrè. Ta ló rí ìwé náà kẹ́yìn? Níbo ló ti rí i? Ta ló gbálẹ̀ lọ́jọ́ tí a parí? Mo rí wọn, mo ní kí wọ́n lọ jókòó. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì wá bá mi. Bùsáyọ̀ na bébà kan sí mi, epo ti rin ín gbingbin. Ojú ewé ìwé ìtàn ni.

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Òun ni wọ́n fi wé àkàrà tí mo rà, mà," Dèbórà dáhùn.

Àyà mi já. Bí táàmù bá ti parí, àwa tíṣà a máa kó bébà ìdánwò àtijọ́ fún ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì, kó lè máa fi wé ọjà rẹ̀. A kì í tiẹ̀ wo ohun tó wà láàárín rẹ̀.

"A ti bi ìyá alákàrà, mà," Bùsáyọ̀ ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kó bébà kíláàsì wa fún àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Òun ló tún ń bẹ̀ mí! Ojú tì mí, ó dùn mí dọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo sọ ìwé náà nù, pé Bùsáyọ̀ kò purọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, mo tẹ̀ lé e lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ ara mi. Bàbá ní ẹ̀ṣẹ̀ náà ti kúrò lọ́rùn ọmọ, ó ti di tèmi. Ó sì yá Bùsáyọ̀ ní òmíràn.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo bi í léèrè pé kí ló dé tó fi fẹ́ràn irú ìwé yìí tó bẹ́ẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé:

"Nínú ẹ̀, mà, bí ọmọdé bá bi àgbà ní ìbéèrè, àgbà máa ń dáhùn."

Láti ọdún tí mo ti ń ráhùn pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ kàwé, ta ni mo ti dá lóhùn nínú wọn? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: kí ó tó rẹ̀ wá jù, ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ ń bi wá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé àgbà kan ti pè yín ní òpùrọ́ rí, nígbà tó jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ? Ṣé ó padà wá bẹ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ síbí. Bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, màá ka gbogbo rẹ̀, màá sì dáhùn.