Ẹ̀gbọ́n Tí Mo Sẹ́ ní Bolton

Òórùn páálí tí omi yìnyín ti rin ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ilé ìkẹ́rùsí tí a ti ṣiṣẹ́ ní Bolton, ìlú kékeré kan nítòsí Toronto ní Kánádà. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo ń lọ, torí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mo wà ní yunifásítì ní Toronto, tí mo ń kọ ìwé àṣekágbá mi lórí olóṣèlú kan, ọ̀tọ̀kùlú ayé ìgbà tí ìdílé Tudor ń jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Ọmọ ìyá ni bàbá rẹ̀ àti bàbá mi, inú ilé kan náà la sì dàgbà sí ní Ìbàdàn.

Ọ̀tọ̀kùlú yẹn mọ ẹbí lò. Àwọn àna rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọba, ó yára kọ lẹ́tà pé òun kò bá ọkùnrin náà da nǹkan kan pọ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà náà máa ń wà nínú àpò kóòtù mi.

“Ọkùnrin yìí ò nítìjú rárá,” ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà ìsinmi.

“Jẹ ráìsì ẹ, jàre. Ó ti kú tipẹ́, o ṣì ń bá a jà.”

Ọwọ́ mi kì í yá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi gba skánà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ka àmì ara ẹrù. Ó ní kí n lọ fi omi gbígbóná ra ọwọ́ mi tí òtútù ti pa kú, òun á bá mi ṣe díẹ̀. Skánà kọ̀ọ̀kan ló ń ka iye iṣẹ́ ẹni tó ni ín, èèwọ̀ sì ni kí ẹnì kan lo ti ẹlòmíràn. Kí n tó dé, súpáfáísọ̀ ti ká skánà méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ló ṣèèṣì mú u. Súpáfáísọ̀ wo káàdì àyà mi, ó wo ti ẹ̀gbọ́n mi: orúkọ ìdílé kan náà.

“Ṣé ẹbí ẹ ni?” ó bi mí.

“Rárá. Orúkọ wa ló kàn jọra.”

Jẹ́ kí n ṣàlàyé: ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọ́n á lé àwa méjèèjì, pé n kò ní lè parí ìwé mi. Kódà mo ń sọ nínú ọkàn mi pé kì í ṣe irọ́ tán, ó ṣe tán, kì í ṣe ìyá kan ló bí wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wọn ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò wọ̀n rí.

Wọ́n ní kí ó má padà wá mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró dè mí fún wákàtí mẹ́rin nínú òtútù, torí pé ó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“De bẹ́líìtì ẹ,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Nígbà tí mo padà sídìí ìwé mi, n kò lè pe ọ̀tọ̀kùlú yẹn ní ojo mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè dá a láre.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ríṣẹ́ mìíràn ní Vaughan báyìí. Kò sọ̀rọ̀ náà nílé, ó sì ṣì ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, Sọ́ńdè kan, màmá àgbà kan bi í pé, “Ṣé àbúrò ẹ nìyí?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà,” ni mo dáhùn, ohùn mi ròkè ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ti dárí jì mí, mo mọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè, èmi ló máa ń dúró dè kí n kọ́kọ́ sọ ọ́.