Yìnyín Wo Ni Kí Ìyá Mi Má Tẹ̀?

Ẹ dákun, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n ro ẹjọ́ ohun tójú mi rí lórí òkè fún yín. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kí n fi sùúrù ṣe é, kó yáa tètè kọjá lọ!

Ẹgbẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí ló ṣètò ìrìn àjò lọ sí Iceland. A máa ya fọ́tò, a máa gbádùn ara wa, lọ́jọ́ kan a ó sì fẹsẹ̀ rìn dé orí glacier, ìyẹn yìnyín ńlá tó ti dì sára òkè láti ayé àtijọ́. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Harpurhey, ní Manchester níbí, ní òun náà ń lọ. Ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ lọ fẹsẹ̀ bọ̀ láti ilé wa dé àárín ìlú, torí pé èébì máa ń gbé e nínú búùsì, ta ni mí tí màá ní kó má lọ?

Màmá ò gbọ́ òyìnbó. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi bus, bin àti snow nìkan ló mọ̀. Ti snow yìí, ẹ fi í sọ́kàn o! Ní gbogbo ìgbà òtútù ló máa ń dúró lójú fèrèsé, á pariwo pé, "Sìkírá, sínóò ti bọ́ o, wọ bàtà gidi!"

Ó wá ku Bọ̀dá Gàníyù. Òun ni olórí ìrìn àjò náà, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Bọ̀dá ò fẹ́ gbọ́ kí èèyàn fi òyìnbó kankan sínú Yorùbá. Tí o bá ní fridge, á ní ẹ̀rọ amóhuntutù. Iceland gan-an, Ilẹ̀ Yìnyín ló ń pè é! A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Oòrùn ràn dáadáa nígbà tá a dé ìsàlẹ̀ òkè. Ọmọbìnrin òyìnbó tó ń fi wá mọ̀nà fún wa ní irin eléyín tí wọ́n ń so mọ́ bàtà. Ó ní kí a máa rìn lórí yìnyín líle yẹn, irin náà á dì í mú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tẹ snow, torí pé ihò jíjìn lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún Màmá, ni Bọ̀dá bá nawọ́ dá mi dúró. Ó ní àgbà ló yẹ kó ṣe ògbufọ̀. Ó wá kọjú sí ìyá mi.

"Màmá, wọ́n ní ẹ má tẹ yìnyín o. Ihò wà lábẹ́ rẹ̀."

Yìnyín kẹ̀? Èwo nínú rẹ̀? Lójú ìyá mi, yìnyín ni èyí tó máa ń bá òjò já lórí páànù nílé, tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà sẹ́nu. Èyí tó le gbagidi ni yìnyín. Funfun tó rọ̀ yẹn, sínóò ni!

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé snow ni."

Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. "Sìkírá, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní Yorùbá? Yìnyín ni snow ń jẹ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ọmọbìnrin òyìnbó yẹn pè mí padà pé irin ẹsẹ̀ mi ò dì dáadáa. Nígbà tó fi máa so ó tán, Bọ̀dá ti di ọwọ́ ìyá mi mú lọ síwájú, èmi sì wà lẹ́yìn pátápátá.

Iyanrìn dúdú bo yìnyín tá a kọ́kọ́ rìn lórí rẹ̀, Màmá sì rò pé ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bá a ṣe gòkè díẹ̀ sí i, iyanrìn tán, yìnyín ń dán. Àfi bí ojú ọjọ́ ṣe yí padà lójijì! Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ òjò lù wá lójú. Wọ́n ní ká máa padà. Bọ̀dá fi ọwọ́ Màmá sílẹ̀ kó lè di fìlà rẹ̀ mú.

Màmá wolẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú pé, "Yéè, yìnyín rèé!" Ó sì yà kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí snow.

Ó rì dé ìbàdí. Orúkọ mi ló ń ké. Ọmọbìnrin òyìnbó yẹn da ikùn délẹ̀, ó gbá kóòtù Màmá mú, ọkùnrin méjì sì di ẹsẹ̀ òun náà mú. Kí lẹ rò pé Bọ̀dá Gàníyù ń ṣe? Ó ń pariwo pé, "Màmá, ṣebí mo ní ẹ má tẹ yìnyín!"

A dúpẹ́, wọ́n fà á jáde. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Wheelchair la fi gbé ìyá tó ń fẹsẹ̀ rin Manchester já padà sílé.

Ọjọ́ kejì tá a dé, Bọ̀dá kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí àwọn àgbàlagbà máa gbọ́ràn. Ìyá mi ni kò gbọ́ràn! Mo pè é lórí fóònù, ohun tí mo sọ fún un kò ṣeé kọ síbí.

Ló bá kó àwọn àgbà méjì àti èso wá sílé mi láti wá bẹ̀bẹ̀. Mi ò fún un ní àga. Màmá gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń wò ó.

"Gàníyù, kí ni ọmọ òyìnbó yẹn pe nǹkan náà gan-an?"

Ó wúkọ́. "Snow ni, Màmá."

"Sínóò? Sínóò tí mo mọ̀ yìí? Tí o bá ti pè é ní sínóò, ṣé mo máa tẹ̀ ẹ́ ni?"

Àwọn àgbà ní kí n dárí jì í. Mo ní ọjọ́ tí ìyá mi bá tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àárín ìlú, tó sì rìn padà, ká tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ògbufọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ tó máa yé onítọ̀hún ni kí ẹ lò. Kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń fi hàn pé a gbọ́ Yorùbá!

Ta ni wọ́n ti ṣe irú ògbufọ̀ yìí fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ rí, ní ọsibítù tàbí níbòmíì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Bọ̀dá Gàníyù wà lórí page yìí, mo fẹ́ kó kà á.