Aṣọ tí mo fi bo kọ̀ǹpútà ọmọ àbúrò mi

Nílé bàbá tó bí mi, ohun tó bá gbówó lórí kì í wà níhòòhò. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé fún ìjọba, tí owó oṣù àwọn tíṣà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ra rédíò ńlá kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bí àga. Kí a tó gbọ́ ohùn kankan nínú rẹ̀, màmá mi ti fi òwú funfun hun aṣọ fún un. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ó gba aṣọ tirẹ̀. Fíríìjì náà gba tirẹ̀. Ọyẹ́ tiwa ní Ọ̀mù-Àrán kì í ṣeré. Bí ó bá ti mú, ènìyàn lè fi ìka kọ̀wé sórí tábìlì tí wọ́n nù láàárọ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan a máa daṣọ bò ó. Kì í ṣe pé mo ń wá àwáwí o. Àwáwí kò sí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọwọ́ mi ti kọ́ ohun tó ṣe.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló ti Èkó dé bá wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, lọ́dún tí ẹni tó bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta epo ọkọ̀ á káwọ́ lérí. Obìnrin ni ọmọ náà, ó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya àwòrán tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, sínú irú géèmù tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà. Owó ilé ní Èkó ti fẹ́ lé e jáde.

Ó ní, “Dádì Ọ̀mù,” bí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ṣe ń pè mí nìyẹn, ìyàwó mi sì ni Mọ́mì Ọ̀mù, “àwọn ọ̀gá mi ti gbà pé kí n gbìyànjú iṣẹ́ láti ilé. Tí mo bá fi èyí tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo lè máa gbé ibí. Tí ọjọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kí n padà sí ọ́fíìsì.”

Inú ìyàwó mi dùn débi pé ó fọ fèrèsé yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ tiwa ti tú ká, ilé ti dákẹ́ jù fún un.

Kọ̀ǹpútà tí ọmọ náà gbé wá, àgbéléetan ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìyẹn lé itan, awọ rẹ̀ á bó. Ó nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa hó bí ìkòkò àgbàdo, atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde sì lè gbẹ aṣọ. Mo bi ọmọ náà bóyá ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò yá ni.

“Ó ń mí ni, Dádì. Ẹ wò ó, ihò abẹ́ yìí ló fi ń fa atẹ́gùn tútù sínú. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ló fi ń tú èyí tó gbóná jáde. Iṣẹ́ géèmù ló wúwo lórí ẹ̀. Mo ní kúlà tí mo máa ń gbé e lé, lọ́nà ló fọ́.”

Ìyàwó mi ní, “Kúlà? Èyí tí a ń bu ìrẹsì sí? Ṣebí kí nǹkan má baà tutù ni tiwa wà fún.”

“Mọ́mì, tiyín ń pa ooru mọ́, tèmi ń lé e jáde.”

“Ẹ wáá gbọ́ o! Tìẹ ló mọ iṣẹ́ jù.”

Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kúlà sílẹ̀ fún mi. Mo ní, “Mo ti ń tú rédíò palẹ̀ kí bàbá ẹ tó mọ bí a ṣe ń wẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìwé, ó ya abẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó wọn ibi tí ihò wà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní kí n má ka iye fáànù, kí n wo bí ó ṣe tóbi. Fáànù ńlá kan tó ń yí jẹ́jẹ́ sàn ju wẹ́wẹ́ mẹ́fà tó ń pariwo. Ojú fáànù gbọ́dọ̀ kọjú sí ojú ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ike lásán ni atẹ́gùn á máa fẹ́. Ó ní bí mo bá rí èyí tí wọ́n fi fóòmù yí etí rẹ̀ ká, kí n mú un, torí fóòmù yẹn kì í jẹ́ kí atẹ́gùn sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. “Àti iná aláràbarà, Dádì, ẹ má wò ó rárá. Iná kì í tu nǹkan lára. Tí wọn ò bá ní èyí tó dáa, ẹ máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Pákó méjì tí mo bá fi gbé e sókè á sàn jù.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òrò, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ìwé ọmọ náà wà nínú àpò mi. Mi ò mú un jáde. Ojú ń tì mí kí wọ́n rí àgbàlagbà tó ń ka ìwé bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Obìnrin tó ń tajà gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan dúdú, ó rí bákan ṣá, fáànù kan gbàǹgbà ló wà láàárín rẹ̀, fóòmù sì wà létí rẹ̀. Èkejì ní fáànù mẹ́fà, ó sì ń tan iná pupa, iná búlúù, iná aláwọ̀ ewé, bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ ti mọ èyí tí mo gbé.

Nígbà tí mo délé, ọmọ náà yí i wò lábẹ́, ó fi ìka wọn ibi tí fáànù wà. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, Dádì. Ó rẹwà.” Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó wá pákó méjì, ó fi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sókè, ó gbé fáànù onídùúró wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ó rẹwà” yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún kékeré.

Lọ́jọ́rú, ó ní iṣẹ́ ti kù díẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò sì fi wákàtí mẹ́fà pa gbogbo àwòrán náà pọ̀ di ọ̀kan. Ó tan án, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.” Ó lọ sí Èsìẹ́ láti tún lọ wo ojú àwọn ère òkúta, nítorí ojú ìyá arúgbó kan nínú géèmù náà kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyàwó mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Ó ku èmi nìkan nílé.

Mo wọlé lọ wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn. Oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, mo sì rí eruku ọyẹ́ tó ń jó nínú rẹ̀. Fáànù onídùúró yẹn ń gbá a, ó ń dà á sórí kọ̀ǹpútà. Mo ní, ṣé eruku ni wọ́n fi ń bọ́ ọ ni? Mo pa fáànù. Mo rọra gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí pákó, mo gbé e lé kúlà tèmi, mo tan iná aláràbarà. Mo lọ sí ìdí àpótí, mo mú aṣọ òfì aláró kan tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, aṣọ tó nípọn, mo dà á bo kọ̀ǹpútà láti orí dé ẹsẹ̀. Iná ń ṣẹ́jú lábẹ́ aṣọ. Ó wù mí. Mo jáde lọ jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo ń rò ó bí n ó ṣe sọ fún ọmọ náà pé kúlà tó kọ̀ sílẹ̀ ló wáá gba iṣẹ́ là.

Kò tó wákàtí kan tí ariwo inú yàrá dákẹ́. Mo rò pé ó ti parí iṣẹ́ kí àkókò tó tó. Nígbà tí mo wọlé, òórùn bíi ti ìgbà tí áyọ́ọ̀nù pẹ́ jù lórí aṣọ ló pàdé mi. Mo ká aṣọ kúrò. Ojú kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn, ara rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tan án, kò dáhùn.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo ká aṣọ náà dáadáa, mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. Mo dá kúlà padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo gbé kọ̀ǹpútà padà sórí pákó, mo wò ó kí ó má wọ́ sápá kan. Mo tan fáànù. Èmi, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé ìjọ, tó sì máa ń kìlọ̀ fún wọn níparí pé kí wọ́n má purọ́.

Nígbà tí ọmọ náà dé, ó ní, “Dádì, ta ló pa á?”

“Bóyá iná ni. Iná ń ṣe ségesège lọ́sàn-án.”

“Ṣebí orí sólà ló wà?”

“Sólà náà ní wàhálà tirẹ̀.”

Kò sunkún títí ìyàwó mi fi dé. Nígbà tó rí i, ọmọ náà gbé orí lé e láyà.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òrò ló dé. Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀ bá ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń tún un ṣe. Ó tú ìdí rẹ̀, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fa nǹkan kan jáde lára fáànù, ó gbé e sókè sí iná. Òwú ni, aláró, ó ti lọ́ mọ́ ọrùn fáànù bí irun.

Ó ní, “Wàláì, ta ló daṣọ bo eléyìí? Kọ̀ǹpútà kì í ṣe òkú o!”

Ọmọ náà yíjú sí wa. Ìyàwó mi wo òwú yẹn. Òun ló máa ń sá aṣọ náà sóòrùn lọ́dọọdún. Kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó ní, “Èmi ni. Eruku ni mo rí. Má bínú, ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe é níbi.”

Ahọ́n mi kò ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, mo lè sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Ẹ̀yin obìnrin náà! Ṣé wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ni?”

Ìyàwó mi yíjú sí ọkùnrin náà, ó bi í iye tí a máa san.

Fáànù kan ti jóná. Ó di kí wọ́n wá òmíràn láti Ìlọrin, kí wọ́n sì tún ìpara tó máa ń gba ooru lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà pa, torí ti inú rẹ̀ ti gbẹ bí eérú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló parí. Ọjọ́ Ẹtì ti lọ. Àwọn ọ̀gá ọmọ náà ní kí ó gbé ẹrù rẹ̀, kí ó padà wá sí ọ́fíìsì. Ó lọ ra kúlà dúdú onífóòmù yẹn fúnra rẹ̀ kí ó tó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ, ìyàwó mi na ọwọ́ láti bá a gbé àpò kọ̀ǹpútà dé ìdí ọkọ̀. Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Mọ́mì. Màá gbé e fúnra mi.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọwọ́ ìyàwó mi dúró lófurufú fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ìròyìn kò ní ẹsẹ̀, ó ṣáà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin pagbo yí i ká. “Ìyá aláṣọ kọ̀ǹpútà! Ìgbà wo lẹ ó bá mi rán ti fóònù tèmi? Ẹ má gbàgbé gèlè o!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Mo bá wọn rín in. Eyín mi ló ń ta mí báyìí tí mo bá rántí.

Nílé, ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń bi mí bóyá iyọ̀ tó. Kò sọ nǹkan kan nípa aṣọ, kódà nígbà tí àwa méjèèjì nìkan bá wà. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti rí ohun tí n ó dáhùn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò mi pè. A sọ ti oko, a sọ ti ara, ó wáá ní ọmọ òun kò ní wálé wá ṣọdún Kérésì. “Ẹ ò ní bínú, ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun fẹ́ràn Mọ́mì Ọ̀mù, ṣùgbọ́n òun ò lè fi nǹkan òun síbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o.” Bó ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Ìyàwó mi ló ń gbá yàrá ọmọ náà sílẹ̀ de ọdún.

Mo gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo pe ọmọ náà.

“Ọmọ mi, kì í ṣe Mọ́mì ẹ. Èmi ni mo daṣọ bò ó. Èmi ni mo gbé e kúrò lórí pákó. Mo gbé e lé kúlà tí mo rà, mo pa fáànù. Nígbà tó kú, mo tún gbogbo ẹ̀ tò kí o má baà mọ̀.”

Mo gbé fóònù kúrò létí láti wò ó bóyá ó ti já.

“Dádì.”

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Mọ́mì ní àwọn ni.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ tún jágbe mọ́ wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ fún Mọ́mì ní fóònù.”

Mo gbé e fún un. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó ní, “Hẹn.” Ó ní, “Rárá o.” Lẹ́yìn náà ó rìn jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ibi tí mi ò ti lè gbọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bí ẹni tó ń dúró de adájọ́.

Nígbà tó padà dé, ó gbé ọ̀pọ́n ẹ̀gúsí rẹ̀ jáde, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Mo ní, “Kí ló sọ?”

“Ó ní òun á wá. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ yàrá tí òun máa gbé kọ̀ǹpútà sí.”

“Ṣé inú ń bí ọ sí mi?”

“Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń dúró dè yín, bàbá wọn.”

Mo fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn, mo bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, mo ń bá a bó o. Kò ní kí n jókòó, kò ní kí n dìde. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Àwọn obìnrin ìjọ ń kọ́?”

“Màá sọ fún wọn.”

“Ìgbà wo?”

“Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.”

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù kúrò lórí ọ̀pọ́n. Ó ní, “Kí ẹ sọ ọ́ sókè o. Àwọn kan nínú wọn kì í gbọ́ràn dáadáa.”